Àlejò Tí Ń Tilẹ̀kùn Jẹun

Ìró kọ́kọ́rọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò dún, lẹ́yìn tí àlejò wa bá ti gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ màmá mi, tí ó ti dúpẹ́, tí ó sì ti rọra wọ yàrá rẹ̀. Gbogbo wa tí a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tiwa yóò máa wo ilẹ̀kùn náà. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, tí kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́nú yálà ebi ń pa á tàbí ó yó, á ní, "Ó tún ti ti ara rẹ̀ mọ́lé o." A ó sì padà sídìí oúnjẹ wa, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo mú un wá sílé. Ọmọbìnrin ọmọ ilẹ̀ Rùwáńdà ni, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ wá sí yunifásítì tó wà lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta láti kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, kíláàsì kan náà ni a sì jọ wà. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló gbé e wá. Bí o bá dárúkọ ìrẹsì Ọ̀fàdà létí rẹ̀, o ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí omi wọ́n ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, mo rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fi omi tó kù sí ìsàlẹ̀ ike bọ́jú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Yàrá kan ṣófo nílé wa ní Kemta, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sí Èkó. Mo bẹ màmá mi, màmá mi bẹ Ìyá àgbà tó ni ilé, Ìyá àgbà sì ní kó máa bọ̀, pé ẹni tí kò gba àlejò kò mọ ibi tí ọmọ tirẹ̀ máa sùn lọ́la. Ẹ rí i pé bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, orí èmi ni wọn yóò di ẹrù rẹ̀ lé.

Ilé oníṣòwò ni ilé wa. Ìyá àgbà ta aṣọ kí orúnkún tó dá a dúró sílé, màmá mi àti àǹtí mi ló sì gba ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn kì í tì lọ́sàn-án. Ẹni tó ń kọjá á kí wa, ẹni tó ń jẹun á ní kí ẹni tó ń kọjá wá jẹun, ẹni yẹn á dáhùn pé á gba ibi ire, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kó jókòó. Bí wọ́n ṣe bí wa bá a nìyẹn, n kò sì tíì ronú kàn án rí títí àlejò mi fi dé.

Lọ́jọ́ tó dé, kò kúnlẹ̀. Ó lọ bá Ìyá àgbà lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lápá nísàlẹ̀ èjìká, ó tẹ orí ba, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ìyá àgbà yọjú sí mi láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ṣé bùbá ló fẹ́ rán fún mi ni, tó fi ń wọ̀n mí?" A rẹ́rìn-ín, òun náà bá wa rín in láìmọ ohun tí a ń rín. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́yìn náà pé ìkúnlẹ̀ là ń kí àgbà níbí, láti ọjọ́ kejì ló sì ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ti ìkíni yanjú kíá. Ti oúnjẹ ni kò yanjú.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan là ń fura o. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé tó fi bi mí bóyá wọ́n ń ṣọ́ òun ládùúgbò. Ó ní bí òun bá ti yọ sí ìta, ẹnì kan á béèrè ibi tí òun ń lọ. Bí òun bá jókòó, wọ́n á ní ẹ kú ìjókòó. Bí òun bá dìde, ẹ kú ìdúró. Bí òun bá ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé tí òun rò pé kò sẹ́ni tó rí òun, ohùn kan á ti orí ògiri wá pé ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ìkíni lásán ni, kò sẹ́ni tó bìkítà ibi tó ń lọ. Ó wò mí, ó ní, "Bí wọn kò bá bìkítà, kí ló dé tí wọ́n ń béèrè?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ àlejò nìyẹn. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ojú tèmi náà kò ríran púpọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a jọ lọ sí Láfẹ́nwá, mo ra àgbàdo sísun àti àgbọn, mo sì ń jẹ ẹ́ bí a ṣe ń lọ lọ́nà. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, àlejò mi ti sọdá sí òdìkejì títì, ó di báàgì mọ́ àyà, ó ń rìn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo bá a níbẹ̀, mo bù lára àgbàdo náà fún un. Ó mi orí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó dùn mí. Mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ wa ló ń rí fín. Nígbà tí a fi máa wọ ọkọ̀, mo ti rò ó síwájú sí i: ẹni tí kò gba àgbàdo lọ́wọ́ rẹ, kí ló rò pé o fi sí i? Mo gbé ìbéèrè yẹn délé, mo sì lọ gbé e fún ẹni tí kò yẹ kí n gbé e fún, ìyẹn àǹtí mi.

Àǹtí mi ní ìbéèrè tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tirẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Ó ní, "Ẹni tí a kì í rí kó jẹun, kí ló ń jẹ?" Láti ọjọ́ náà, iwájú ilẹ̀kùn àlejò ni ó fẹ́ràn láti máa gbá. Ó ní òun gbọ́ nǹkan tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú yàrá. Mo ní ẹ̀pà ni. Ó ní ṣé mo rí ẹ̀pà náà? Màmá mi, tí kì í ṣe ènìyàn búburú rárá, kò sọ ju òwe lọ. Ó ní páńsá ò fura, páńsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ya abọ́ kan sọ́tọ̀ fún àlejò, bí abọ́ náà bá sì padà dé, á yẹ inú rẹ̀ wò kó tó fọ̀ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà yẹn, ìwé nípa kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni mò ń kà. Síbẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé dá, mo dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì láti yọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni mo rí, àti ìwé tó tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, mo sì gbọ́ ṣíbí tó ń kan abọ́. Ó ń jẹun, ó ń kàwé, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ara tù mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ń rò bí mo ṣe ń gbọn eruku aṣọ mi ni pé, irú ìwé wo nìyẹn?

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, àlejò wa, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ní òun á bá wa gbà á. Gbogbo ọ̀sán ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dákẹ́, kò sí abọ́, kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí jáde síta. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá àgbà ló máa ń jókòó sí, Ìyá àgbà á máa kọ́ ọ ní Yorùbá, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín. Èyí gan-an ló tún mú àǹtí mi ronú. Ó ní gbogbo wa ni ebi ń pa, àlejò nìkan ni ara rẹ̀ yá gágá; ó ní ẹni tí kì í jẹun tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ààwẹ̀ dé?

Ní ọjọ́ kan, àlejò wa tọrọ ààyè nílé ìdáná. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ló jọ sè pọ̀ pẹ̀lú tòmátò àti òróró, òórùn rẹ̀ sì dára. Ládàánì pe ìrun, a ṣínu pẹ̀lú dàbínù àti omi, òun sì gbé abọ́ kan jáde wá síwájú Ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó bù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà, ó fi sẹ́nu ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló nu ṣíbí, tó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ fún àgbà.  Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa rí ẹnu rẹ̀ tó ń jẹ nǹkan, inú abọ́ àgbà ló sì ti jẹ ẹ́, kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Nílé wa, ọmọ tó bá ṣe irú rẹ̀ á gbọ́ ọ létí méjèèjì. Ìyá àgbà wò ó dáadáa, ó gba abọ́ náà, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá àgbà kò lè dìde. Ó di ikùn mú, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti yí padà. Bí a ṣe ń gbé e lọ sínú ọkọ̀, àǹtí mi dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó ní. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a rí i kó jẹun, abọ́ Ìyá ló ti jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbẹ́ ló ti bù ú? Ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí kò ní nǹkan." Àlejò wa dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. A rò pé Yorùbá rẹ̀ kò tíì tó èyí tó máa gbọ́.

Dókítà ní ọgbẹ́ inú tó wà lára Ìyá àgbà tipẹ́ ló ru sókè. Ó bi wá bóyá ó ń gba ààwẹ̀, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un lọ́dún tó kọjá pé kó má gbà á mọ́, ìmáàmù àdúgbò wa náà sì ti sọ fún un pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún un. Màmá mi ní kò gbà á, pé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni òun ń gbé fún un láràárọ̀, òfìfo abọ́ ló sì ń padà sọ́wọ́ òun. Ìyá àgbà ń wo àjà, kò sọ nǹkan kan. Dókítà ní ó lè jẹ́ ohun tó jẹ, nígbà náà. Àǹtí mi yíjú sí mi. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti sọ ohun tó máa ṣe: àlejò á kó jáde nílé wa, òun á sì lọ sí yunifásítì fúnra òun láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí wọ́n dá a padà sí ìlú rẹ̀ kó tó pa ẹlòmíràn. Màmá mi ní kó jẹ́ kí Ìyá kọ́kọ́ délé ná. Ìyẹn nìkan ló dúró láàárín ọmọbìnrin náà àti pípàdánù ẹ̀kọ́ tó tìtorí rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí mo délé, mo bá a nídìí ẹrù. Aṣọ rẹ̀ ti wà nínú báàgì. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi, ìyẹn ìdí tó fi jẹ nínú oúnjẹ Ìyá. 

"Kí ó lè mọ̀ pé mi ò fi nǹkan sí i," ó ní. "Nílé wa, ẹni tó bá fún àgbà ní oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Báwo lẹ ṣe ń fi hàn ní tiyín?"

 Ó ní ìdílé tí òun ti wá, ọmọdé nìkan ni wọ́n ń gbà fún láti jẹun níta, níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè rí wọn, bíi ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí àgbàlagbà bá ń jẹun lójú pópó, ojú máa ń ti àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ní ní Láfẹ́nwá, ojú ló ń ti òun nítorí mi. Ó wá sọ èyí tí n kò retí. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí òun dé, òun sọ fún ìyá òun lórí fóònù pé gbogbo ènìyàn ló ń pe òun wá jẹun níbí, àti ẹni tí òun mọ̀ àti ẹni tí òun kò mọ̀. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀. Ó ní kó sá kúrò nílé wa, pé ẹni tó bá ń fi oúnjẹ pe àlejò tó bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń wá.

"Mo ní kí ó jẹ́ kí n wò yín ná," ó ní. "Mo sì ń wò yín láti ìgbà náà."

Ojú tì mí, inú sì bí mi pé ojú tì mí. Mo sáré lọ rojọ́ fún màmá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ìtàn náà dára. Àǹtí mi ní kò sí olè tí kì í ní àlàyé.

Nígbà tí wọ́n dá Ìyá àgbà sílẹ̀, a gbé e jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlejò jáde sí i pẹ̀lú báàgì láti dágbére. Ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dìde, ọmọbìnrin náà ti bu omi, ó mu díẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ìyá, ẹ má mu ún," ni àǹtí mi wí.

Ìyá àgbà gbé ife náà sẹ́nu, ó mu ún tán. Ó ní kí gbogbo wa jókòó.

"Ẹ̀wà ni ọmọ yìí fún mi, ẹ̀wà náà sì dùn," ó ní. "Ààwẹ̀ ni mo ń gbà."

Màmá mi ní, "Ìyá, oúnjẹ tí mò ń gbé fún yín láràárọ̀ ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i bó ṣe sanra?" Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń gbà á. Ojú ń tì mí, kí ọmọ ọmọ mi máa kọjá, kó máa rí mi tí mò ń jẹun lọ́sàn-án." Ó wá ní kí n bi àlejò léèrè ìdí tó fi ń kọ́kọ́ tọ́ nǹkan wò, mo sì sọ ohun tí àlejò ti wí fún mi fún un. Ó mi orí. "Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe fún àlejò nìyẹn, á kọ́kọ́ mu nínú omi náà. Àtìgbà tí ẹ ti ń ra omi inú ọ̀rá lẹ ti gbàgbé."

Kí n sọ òótọ́, inú bí mi sí Ìyá àgbà lọ́jọ́ náà ju bó ṣe bí mi sí àǹtí mi lọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ó ń wo àjà, ó sì jẹ́ kí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ máa yí nínú ẹrẹ̀, nítorí kí a má baà mọ̀ pé ó ṣàìgbọràn sí dókítà. Ṣùgbọ́n àgbà ni, ara rẹ̀ kò sì tíì yá, kò sẹ́ni tó bi í. Ọ̀rọ̀ à ń fi ẹjọ́ sùn ní yunifásítì parí síbẹ̀. Màmá mi bẹ àlejò kó tú ẹrù rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní inú òun kò bí rárá, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lọ sí yàrá kan tó ti gbà lẹ́bàá yunifásítì. N kò gbà pé inú rẹ̀ kò bí.

A jọ parí ẹ̀kọ́ wa. Ó kù díẹ̀ kó padà sí ìlú rẹ̀, ó wá kí Ìyá àgbà. Àǹtí mi ló dáná. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló sè, ó fi ata díndín sí i, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀. Kò mọ bí a ti ń tọrọ àforíjì lẹ́nu, kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ṣíbí, ó bù nínú oúnjẹ náà ní ojú gbogbo wa, ó jẹ ẹ́, ó nu ṣíbí, ó gbé abọ́ náà fún àlejò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ọmọbìnrin náà gba abọ́ náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó wò ó. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Ó fi Yorùbá tí Ìyá àgbà kọ́ ọ sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́ ni: "Ẹ tọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì náà wò, Àǹtí."

 Àǹtí mi mú ṣíbí, ó bù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, a bá a rẹ́rìn-ín, àlejò náà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ìrẹsì rẹ̀ láàárín wa láìsí ilẹ̀kùn kankan. Àǹtí mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ìyá àgbà ti ṣaláìsí, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi wà ní ìlú rẹ̀, nídìí ìrẹsì, a sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò sí ohun tí a kì í sọ: ọkọ, ọmọ, ẹ̀fọ́rí, òjò tí kò rọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì bi í bóyá ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ọjọ́ yẹn ṣeré ni, àbí ó fura sí wa lóòótọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi í, á ní eré ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá màá gbà á gbọ́.